Lẹ́ǹsì Tuntun Tó Jẹ Ojú Àwọn Nọ́ọ̀sì

Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lápá ọ̀tún nínú àwòrán náà dára débi pé èèyàn lè ka eyín ẹnu wọn. Àwọn tó wà láàárín náà ò burú. Àmọ́ àwọn tó wà lápá òsì kò lójú, wọn ò nímú, ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan fi àkísà tútù nù wọ́n kọjá. Ìyá Ṣíọ̀ gbé àwòrán náà sábẹ́ iná orí tábìlì rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì pòṣé.

"Èyí ni wọ́n torí ẹ̀ ní kí n wá?" ó bi Sájẹ́ǹtì. "Àwòrán tó bàjẹ́?"

"Ẹjọ́ jìbìtì ni, mà."

"Ṣíọ̀!"

Ibi tó ti rí orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí orí rẹ̀ pé tó tirẹ̀ ní téṣàn náà, kò sì sí èyí tí ẹnu rẹ̀ mú tó tirẹ̀. Bí olè bá purọ́ fún un, ṣíọ̀ ni. Bí ọ̀gá pátápátá bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò mọ́gbọ́n dání, ṣíọ̀ náà ni, àfi pé ó máa ń dúró kí ọ̀gá ti ilẹ̀kùn ná. Àwọn ọlọ́pàá yòókù rò pé kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe òun lẹ́yìn. Ó mọ̀, ó sì dùn mọ́ ọn nínú.

Sájẹ́ǹtì tó ń bá a ṣiṣẹ́ jẹ́ èèyàn dáadáa, àléébù kan ṣoṣo ló ní: ohun tí ẹni àkọ́kọ́ bá sọ fún un ló máa ń gbà gbọ́, títí ẹni kejì á fi dé. Ó ro ẹjọ́ náà kalẹ̀. Obìnrin ayàwòrán kan ra lẹ́ǹsì kámẹ́rà tuntun, nínú páálí, pẹ̀lú ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ fi dì í. Ó gbé e lọ ya àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ wọn. Àwòrán bàjẹ́. Ó gbé lẹ́ǹsì padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní bí òun ṣe bá a nìyẹn. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní irọ́ ni, pé obìnrin náà ló jù ú sílẹ̀ tí nǹkan inú rẹ̀ fi yẹ̀, tó wá fẹ́ fi àyínìke gba òmíràn.

"Ta ló ní kó o kọ jìbìtì síbẹ̀?"

"Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ni, mà. Alága ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ni."

"Háà, Alága ni! Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Mi ò mọ̀ pé bí wọ́n bá ti fi èèyàn jẹ alága, irọ́ ti tán lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn."

Sájẹ́ǹtì wolẹ̀.

Obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé àpò kámẹ́rà lé itan bí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Fẹ̀rín-sí-i ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ohun tó máa ń kígbe sí àwọn oníbàárà kó tó ya àwòrán nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹ̀rín kankan lójú òun alára.

"Ṣé o jù ú sílẹ̀?" Ìyá Ṣíọ̀ bi í.

"Mi ò jù ú sílẹ̀, mà."

"Kò sẹ́ni tó máa ń ju nǹkan sílẹ̀ láyé yìí. Nǹkan kàn máa ń rí ara ẹ̀ nílẹ̀ ni. Kí ló dé tí ojú ẹ fi rẹ̀ tó báyìí? Ṣebí lẹ́ǹsì ni, kì í ṣe ẹ̀mí."

Fẹ̀rín-sí-i gbé ojú sókè. "Ìrọ̀lẹ́ òní ni ẹgbẹ́ máa ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ mi, mà. Alága ti sọ fún wọn pé olè ni mí. Inú yàrá àwọn èèyàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń múra ni mo ti ń yà wọ́n, gbogbo nǹkan iyebíye wọn á wà kálẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní olè? Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nìyí."

Ìyá Ṣíọ̀ fa àga sún mọ́ ọn. Kì í ṣe obìnrin tí omijé máa ń mú, àmọ́ èyí kì í ṣe omijé, ọ̀rọ̀ gidi ni.

"Kí ni Alága jẹ́ sí ẹ?"

"Ọ̀gá mi ni, mà. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ṣẹ́."

"Ọ̀gá ẹ ló pè ẹ́ lólè. Ó dáa. Gbé kámẹ́rà yẹn, kí n rí bó o ṣe ń dì í mú."

Fẹ̀rín-sí-i gbé e. Ó kọ́kọ́ dì í mú ní ìbú, bí ẹni fẹ́ ya ọ̀pọ̀ èèyàn, lẹ́yìn náà ó gbé e dúró lóòró, bí ẹni fẹ́ ya ẹnì kan ṣoṣo láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ sókè, ìgbọ́nwọ́ rẹ̀ sì nà síta.

"Kí ló dé tó o fi gbé ọwọ́ yẹn sókè báyẹn?"

"Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, mà. Ẹni tó bá yí i sísàlẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ìfọ́tí ló máa jẹ. Gbogbo àwa tá a kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún lókè ni."

"Ìfọ́tí," ni Ìyá Ṣíọ̀ wí. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ ọnà." Ó gba lẹ́ǹsì, ó wò ó yíká. Kò sí ibi tó ha lára rẹ̀, kò sí ibi tó tẹ̀ wọnú. Bí ó bá jábọ́ lóòótọ́, inú àpò rẹ̀ ló wà nígbà tó jábọ́.

*

Ìyá ọkọ Fẹ̀rín-sí-i ló ṣílẹ̀kùn fún wọn nílé. Ó ti mọ ìdí tí wọ́n fi wá, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó ti ń retí irú ọjọ́ yìí tipẹ́.

"Mo ti sọ fún ọmọ mi," ó wí, kó tó fi àga lọ àwọn àlejò. "Obìnrin tó ń fi ojú kan ṣoṣo wo ayé, tó di ìkejì! Ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Ìyàwó àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì."

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi ojú méjèèjì wo ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ṣé ẹ rí i tó ju nǹkan sílẹ̀?"

"Mi ò rí i. Mo gbọ́ ọ. Mo wà nínú yàrá mi, mo sì gbọ́ gbì! Lórí táìsì. Ilé mì."

Sájẹ́ǹtì ti yọ bírò. Ojú rẹ̀ ń dán. "Gbì, mà?"

"Gbì! Mo sì gbọ́ tó ní 'yéè'."

"Mà," Sájẹ́ǹtì sọ sí Ìyá Ṣíọ̀ létí, "ẹjọ́ ti parí."

Ìyá Ṣíọ̀ wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ẹran tó jẹ aṣọ. Ó yíjú sí ìyá. "Ìgbà wo lẹ gbọ́ gbì yìí?"

"Ọjọ́ tó lọ ya àwọn nọ́ọ̀sì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé ni, kò tíì jẹun. Ó ń kó ẹrù ẹ̀ wọlé."

"Ó ti ya àwọn nọ́ọ̀sì tán nígbà yẹn?"

"Ṣebí mo ní ó ti ibẹ̀ dé."

"Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ ti ṣe ìyàwó yín lóore, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú."

Ìyá ọkọ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ní ojú ọ̀nà, Sájẹ́ǹtì ṣì di bírò mú.

"Sájẹ́ǹtì, àwòrán àwọn nọ́ọ̀sì ti bàjẹ́ kó tó délé. Èyí tó kọ́kọ́ yà níbẹ̀ gan-an ti bàjẹ́. Ṣé lẹ́ǹsì máa ń bàjẹ́ sílẹ̀ de ìgbà tó máa jábọ́ ni?"

"Kí ló wá dún gbì, mà?"

"Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa ń gbé kámẹ́rà lé, èyí tó fara ti ògiri níbẹ̀. Táìsì ẹnu ọ̀nà ti fọ́ ní igun, ibi tó fọ́ sì rí bí ìdí irin yẹn. O dúró lé e lórí nígbà tó ò ń kọ gbì sílẹ̀."

*

Ṣọ́ọ̀bù Alága mọ́lẹ̀ ju ilé ìwòsàn lọ. Gíláàsì ní iwájú, gíláàsì ní ẹ̀gbẹ́, àwọn páálí lẹ́ǹsì tò sórí pẹpẹ nínú ọ̀rá wọn, okùn pupa tín-ín-rín kan sì yí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ká, èyí tí èèyàn máa fà tó bá fẹ́ ya á. Lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀ ni àwọn álíbọ́ọ̀mù tí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ń ṣe wà, ìwé àwòrán ńláńlá, tí àwọn náà wà nínú ọ̀rá tó ń dán. Ìyá Ṣíọ̀ fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, ó kọjá.

Lára ògiri tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà ni àwòrán Alága wà. Ó ga ju Alága alára lọ. Ó wọ kóòtù, ó ki ọwọ́ kan bọ àpò, ó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni ń gbóòórùn òjò. Lábẹ́ àwòrán yìí ni Alága ti wá pàdé wọn, ó sì gbé àgbọ̀n sókè bákan náà.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ó dùn mí pé ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ló ṣe irú nǹkan báyìí sí mi. Àmọ́ òfin ni òfin."

"Òfin dára," ni Ìyá Ṣíọ̀ wí. "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ló jù ú sílẹ̀?"

"Ó wà nínú ọ̀rá ilé iṣẹ́ nígbà tó kúrò níbí! Ẹ jẹ́ n fi hàn yín." Ó ní kí wọ́n gbé àwòrán kan wá sójú kọ̀ǹpútà. Àṣà ṣọ́ọ̀bù náà ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ra ọjà ńlá, wọ́n á yà á pẹ̀lú ọjà rẹ̀ lábẹ́ àwòrán Alága, wọ́n á sì gbé e síta fún gbogbo ayé rí. Fẹ̀rín-sí-i ló wà nínú èyí, ó gbé páálí sáyà, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, Alága ńlá sì dúró sí orí ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rá ń dán lára páálí. "Ẹ rí i? Ṣé ẹ rí ọ̀rá? Bó ṣe jáde níbí, ó gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́. Lórí alùpùpù ló ti jábọ́. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀."

Sájẹ́ǹtì ti ń mi orí. Alùpùpù! Ó ti gbà á gbọ́.

"Ta ló gbé páálí lé e lọ́wọ́?"

Alága nawọ́ sí atajà rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn gíláàsì. Ọkùnrin tín-ín-rín kan ni, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun sí ọwọ́ méjèèjì. Ìbọ̀wọ́ náà ni wọ́n fi ń pè é.

"Kí lo fi ń wọ ìyẹn?" Ìyá Ṣíọ̀ bi í.

"Kí ìka mi má bàa kan gíláàsì lẹ́ǹsì, mà. Ọ̀gá ló ní ká máa wọ̀ ọ́."

"Ọ̀rá wà lára páálí tó o gbé fún obìnrin yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Ta ló dì í?"

Ìbọ̀wọ́ wo Alága.

"Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni," Alága dáhùn.

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo bi. Àbí ẹ̀yin náà wọ ìbọ̀wọ́ ni?"

"Ilé... ilé iṣẹ́ ni, mà," ni Ìbọ̀wọ́ wí, àmọ́ ojú rẹ̀ ti sá lọ síbi àwọn álíbọ́ọ̀mù.

Sájẹ́ǹtì fa Ìyá Ṣíọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mà, ìbọ̀wọ́ yẹn! Ó ń fi pa àmì ìka ẹ̀ mọ́ ni. Kí n mú un?"

"Ó ń pa àmì ìka mọ́ kúrò lára ọjà tí wọ́n gbà á síṣẹ́ pé kó máa fọwọ́ kàn? Ká kúkú lọ kó gbogbo dókítà tó ń wọ ìbọ̀wọ́ nílùú wá."

Síbẹ̀, inú Ìyá Ṣíọ̀ ò dùn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Láàárín ṣọ́ọ̀bù yìí àti ibi tí àwọn nọ́ọ̀sì wà, ẹnu obìnrin náà nìkan ló wà, ẹnu rẹ̀ kò sì tó ẹ̀rí. Àwọn ẹgbẹ́ á pé jọ láìpẹ́ ní gbọ̀ngàn tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù náà gan-an. Ó ti ń gbọ́ ìró àga tí wọ́n ń tò. Ó jókòó, ó bínú sí àga, ó bínú sí gíláàsì, ó bínú jù lọ sí ọkùnrin tó gbé àgbọ̀n sókè níwájú òun lẹ́ẹ̀mejì.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Oníbàárà kan wọlé ní àkókò náà, ó ra kámẹ́rà, wọ́n sì ní kó wá dúró lábẹ́ Alága kí wọ́n yà á bí àṣà wọn. Ìbọ̀wọ́ gbé kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé e dúró lóòró. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ sókè.

Ìyá Ṣíọ̀ wo ọwọ́ náà. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá lọ sókè, kí ló lọ sísàlẹ̀? Apá òsì. Ó rọra gbé ojú kúrò lára Ìbọ̀wọ́, ó gbé e lọ sára ògiri, láti orí Alága ńlá, sí àyà rẹ̀, sí orúnkún rẹ̀, sí ibi bàtà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dára fún ẹni tó bá gbọ́ ọ.

*

"Alága," ó wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, "àwòrán yín yìí wù mí. Ta ló yà á?"

Ara Alága yá. "Ìbọ̀wọ́ ni, mà. Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ó hàn. Mo fẹ́ kó yà yín fún mi, lóòró, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, níbi tí ẹ dúró sí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ki ọwọ́ bọ àpò. Àgbọ̀n sókè. Ẹ ò gbàgbé ẹ̀ kẹ̀?"

Ta ló máa gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé àgbọ̀n sókè? Alága ti dúró bẹ́ẹ̀ kí Ìyá Ṣíọ̀ tó sọ̀rọ̀ tán. Ìyá Ṣíọ̀ ránṣẹ́ sí Fẹ̀rín-sí-i tó dúró níta kó mú àpò rẹ̀ wọlé, ó yọ lẹ́ǹsì tó bàjẹ́ náà, ó sì gbé e fún Ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ gbà á bí ẹni gba ẹyín iná. Ó wo ọ̀gá rẹ̀, àmọ́ ọ̀gá rẹ̀ ti gbé ojú lọ sí òkè níbi tó ti ń múra sílẹ̀ fún àwòrán.

Wọ́n yà á. Wọ́n gbé e sójú kọ̀ǹpútà.

Ojú Alága mọ́ kedere. Àyà rẹ̀ mọ́ kedere. Àmọ́ láti orúnkún sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di èéfín, bàtà rẹ̀ sì rí bí búrẹ́dì tó já sómi.

"Sájẹ́ǹtì," ni Ìyá Ṣíọ̀ wí, "wo ti ògiri, kó o sọ ohun tó o rí fún mi."

Sájẹ́ǹtì wò ó. Ó súnmọ́ ọn. "Mà... bàtà tibí náà ti di èéfín."

"Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Gbogbo ayé ń wo ojú ọ̀gá, kò sẹ́ni tó wo bàtà ẹ̀."

Alága ti sọ àgbọ̀n kalẹ̀. "Àṣà ìgbàlódé ni, mà. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ojú lè yọ dáadáa."

"Ṣíọ̀. Ìbọ̀wọ́, mú irú lẹ́ǹsì yìí kan lórí pẹpẹ, èyí tó dára, kó o tún un yà."

Wọ́n tún un yà. Bàtà Alága yọ ketekete, títí kan ibi tí ó ti họ ní ìmú.

"Ẹ padà sórí ti àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, Ìbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n yí ọwọ́ ọ̀tún sísàlẹ̀. Má bẹ̀rù, kò sẹ́ni tó máa fọ́ ẹ létí níbí lónìí."

Ìbọ̀wọ́ wo ọ̀gá rẹ̀, ó sì yí i. Nígbà tí àwòrán yọ, bàtà wà, orúnkún wà, àyà wà. Orí Alága ló ti yọ́ dànù. Fẹ̀rín-sí-i fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ó yé yín báyìí?" Ìyá Ṣíọ̀ dìde. "Apá òsì lẹ́ǹsì yìí ló bàjẹ́. Ní ìbú, ó jẹ ojú àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lápá òsì. Lóòró, tí ọwọ́ ọ̀tún bá lọ sókè, apá òsì á bọ́ sísàlẹ̀, á sì jẹ bàtà. Ká ní ẹ kọ́ ọmọ iṣẹ́ yín láti máa yí i sí bó ṣe wù ú ni, orí yín ni ì bá jẹ, ẹ̀ bá sì ti rí i lójú ẹsẹ̀. Ìfọ́tí yín ló pa yín."

"Lẹ́ǹsì mìíràn ni wọ́n fi ya ti ògiri!" ni Alága pariwo.

"Ó dáa. Lẹ́ǹsì mìíràn tó bàjẹ́ síbì kan náà, bí èyí ṣe bàjẹ́. Ẹ gbé e wá ká rí i."

Alága wo pẹpẹ. Kò gbé nǹkan kan wá.

"Ìbọ̀wọ́ yà á lẹ́yìn tí obìnrin yìí gbé e padà wá ni," ó tún wí, ohùn rẹ̀ ti ń fà.

Ìyá Ṣíọ̀ tẹ kọ̀ǹpútà, ó gbé àwòrán tí Alága fúnra rẹ̀ fi ṣẹ̀rí padà wá: Fẹ̀rín-sí-i pẹ̀lú páálí tuntun láyà, Alága ńlá lórí ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ìka sí ibi bàtà ti ògiri. Èéfín ni.

"Ọjọ́ tó rà á lẹ yà á yìí. Kò tíì ṣí páálí. Àwòrán tí lẹ́ǹsì tó wà nínú páálí yẹn yà sì ti wà lórí ògiri lẹ́yìn ẹ̀, ẹ ti fi férémù sí i. Lẹ́ǹsì tuntun ni, àbí? Ẹ wo ọ̀rá ara páálí yẹn náà dáadáa. Níbo ni okùn pupa ẹ̀ wà? Gbogbo páálí tó wà lórí pẹpẹ yín ló ní okùn pupa, àfi eléyìí. Ohun mìíràn tí ò ní in nínú ṣọ́ọ̀bù yìí ni àwọn álíbọ́ọ̀mù tí ẹ fi ẹ̀rọ tiyín dì."

Ìbọ̀wọ́ bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó bọ́ ìkejì, ó tò wọ́n sórí gíláàsì.

"Ọ̀gá gbé e lọ sóde iṣẹ́ kan, mà," ó wí. "Wọ́n máa ń gbé ọjà tuntun lọ, tá a bá padà dé, a ó nù ún, a ó dì í. Ti ọjọ́ yẹn, ó jábọ́ látinú ọkọ̀ wọn, nínú àpò ẹ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n ní kí n ya àwọn, ká fi mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́. Mo yà wọ́n. A wo ojú wọn, ojú wọn mọ́. Ọ̀gá ní kò ṣe nǹkan kan. Àwòrán yẹn wá wù wọ́n, wọ́n ní ká gbé e kọ́."

"Nígbà tí obìnrin yìí gbé e padà wá ńkọ́?"

"Wọ́n mọ̀ lójú ẹsẹ̀, mà. Wọ́n ní táwọn oníbàárà bá gbọ́ pé a ti ń lo ọjà tuntun ká tó tà á, kò sẹ́ni tó máa rà níbí mọ́. Wọ́n ní ká yára pè é lólè kó tó pè wá."

"Ìwọ náà sì dákẹ́."

"Iṣẹ́ mi ni, mà."

"Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. O wọ ìbọ̀wọ́ funfun láti àárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ ẹ ò sì mọ́. Sájẹ́ǹtì, kọ ọ́ sílẹ̀. Pa orúkọ obìnrin yẹn rẹ́, kó o fi ti Alága síbẹ̀."

Sájẹ́ǹtì kọ ọ́. Ó ti gba èyí náà gbọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan yìí, kò sí ẹni tó kù tó máa yí i lọ́kàn padà.

*

Ìgbà yẹn ni Alága rántí pé òun ní ọmọ. "Ọmọ mi," ó pe Fẹ̀rín-sí-i, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀. "Ọmọ dáadáa mi. Èṣù ló fẹ́ wọ àárín wa. Mú lẹ́ǹsì tó bá wù ẹ́ lórí pẹpẹ yẹn. Mú méjì. Ká má ṣe jẹ́ kí ará òde gbọ́. Ṣé o rántí ẹni tó kọ́ ẹ ní iṣẹ́ yìí?"

Ìyá Ṣíọ̀ yínmú. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ó rí ojú obìnrin náà, ó sì pa ẹnu mọ́, ohun tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Fẹ̀rín-sí-i rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà. "Mo rántí, ọ̀gá. Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí tó báyìí. Mi ò fẹ́ lẹ́ǹsì yín. Orúkọ mi lẹ mú. Ibi tẹ́ ẹ ti mú un ni kẹ́ ẹ ti dá a padà."

Wọ́n gun àkàsọ̀ lọ sókè. Gbọ̀ngàn ti kún, àwọn ayàwòrán jókòó tìkámẹ́rà-tìkámẹ́rà, àwọn kan sì yí ojú kúrò nígbà tí Fẹ̀rín-sí-i wọlé. Ó rí wọn. Ó lọ jókòó síwájú gan-an. Ìyá Ṣíọ̀ dúró ti ilẹ̀kùn, Sájẹ́ǹtì dúró tì í.

Alága wúkọ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀, "ọ̀rọ̀ ọmọ wa yìí, ó jọ pé àìgbọ́ra-ẹni-yé díẹ̀ ló wọ̀ ọ́. Lẹ́ǹsì jábọ́, irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀..."

"Ta ló jù ú sílẹ̀?" Ìyá Ṣíọ̀ bi í láti ẹnu ọ̀nà.

Alága nu iwájú orí. "Ó jábọ́ nínú ọkọ̀ kan..."

"Mi ò bi yín léèrè ọkọ̀."

Àwọn tó yí ojú kúrò ti ń yí i padà. Alága wo ilẹ̀, ó wo àwọn èèyàn tó fi í jẹ oyè, ó sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sínú àyà ara rẹ̀: "Èmi ni. Èmi ni mo jù ú sílẹ̀, kí n tó tà á fún un. Mo mọ̀ pé kì í ṣe olè nígbà tí mo pè é lólè."

Fẹ̀rín-sí-i dìde dúró. Ohùn rẹ̀ ò le, ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, ọ̀gá mi. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Gbogbo wọn ló gbọ́, Alága sì mọ̀ pé wọ́n gbọ́. Ó gbé ohùn sókè, ó sì tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀.